Ẹsẹ̀ Panápaná Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò sẹ́ni tó lè já wọn nírọ́, àmọ́ oníbàtà tí ìtàn yìí dá lé lórí, ẹsẹ̀ lọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà. Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á kí i dáadáa, á béèrè ará ilé, á béèrè iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ náà ni yóò sì fi máa wo ilẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún gbé dúró. Orúkọ kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Omi orí ewé kókò ni. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Bó bá ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó di títí ayé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ti fi àdúgbò sílẹ̀ fún ọdún méjìlá yà kí i. Bàbá Oníbàtà wo ojú rẹ̀ títí, kò dá a mọ̀. Ó wo ìsàlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Onígìgísẹ̀ pẹlẹbẹ! Ibo lo gbà lọ láti ìgbà yìí?"

Ogójì ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀, láàárín òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù. Àmọ́ ọjọ́ ń lọ, kò dúró de ẹnì kan. Orúnkún ń dùn ún bó bá jókòó pẹ́, ojú rẹ̀ kò sì gbé wíwá nǹkan nínú ìwé àkọsílẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ kò ṣòro fún un; ògbóǹtarìgì pọ́ńbélé ṣì ni. Ibi tí wàhálà wà ni ìwé. Á máa ṣí i láti òwúrọ̀, á máa tutọ́ sí ìka, á máa wá ẹsẹ̀ ẹnì kan títí tí oúnjẹ á fi tutù. Ló bá dìde lọ́jọ́ kan, ó ní iṣẹ́ tí òun bá tún gbà, ìyẹn ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, òun á ti ṣọ́ọ̀bù, òun á sinmi.

Iṣẹ́ tó wá dé kì í ṣe kékeré. Àwọn panápaná ìlú ní àwọn fẹ́ bàtà tuntun, bàtà tí wọ́n á fi máa yan, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Ọjọ́ méjì ni Bàbá Oníbàtà fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì wọn, tó ń wọn ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ọ̀gá Panápaná sì kìlọ̀ fún un pé: "Bàbá, mo fẹ́ ìwé kan ṣoṣo tí mo máa fọwọ́ sí. Kí wọ́n tò láti nọ́ńbà kìíní dé ìkẹrìnlélọ́gọ́ta, kí n lè mọ̀ pé ẹnì kankan ò bọ́ sílẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí àṣìṣe bá wà nínú ẹ̀, ẹ má bínú, màá lọ ra bàtà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ lọ́jà fún wọn."

Bàbá Oníbàtà ní ọmọbìnrin kan, Àkọ́bí rẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọmọ yìí ti fi ọ́fíìsì sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá bàbá òun ṣe bàtà.

"Ìwọ tó kàwé tó báyìí," ni bàbá wí, "ìwọ ló wá fẹ́ máa fa gọ́ọ̀mù símú?"

"Bàámi, gọ́ọ̀mù yín sàn ju ọ̀gá tí mo fi sílẹ̀ lọ."

Bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn nìyẹn. Bí ọmọ bá lè fi kọ̀ǹpútà to ẹsẹ̀ àwọn panápaná yìí jáde lẹ́sẹẹsẹ, tí ẹyọ kan kò ṣì, ṣọ́ọ̀bù kò ní tì. Àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa ṣe é. Bí kò bá rí i ṣe, bàbá á ti ìlẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jiyàn. Bàbá Oníbàtà sọ̀rọ̀ yẹn tagbáratagbára, bí ẹni tó ti pinnu. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ kí ọmọ náà na òun mọ́lẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, aago kan kọjá díẹ̀, Àkọ́bí gbé kọ̀ǹpútà àgbéletan rẹ̀ sórí pẹpẹ tí wọ́n ti ń gé awọ. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta da ìwé bàbá rẹ̀ kọ sínú fáìlì kan, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ìlà kan, ẹnì kan. Nọ́ńbà panápaná ló ṣáájú, lẹ́yìn náà kọ́mà. Gígùn ẹsẹ̀ òsì, kọ́mà. Gígùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, kọ́mà. Fífẹ̀ rẹ̀, kọ́mà. Gíga òkè ẹsẹ̀. Bàbá ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó sún mọ́ ọn.

"Kí ni gbogbo kọ́mà yìí ń ṣe níbẹ̀? Ó dà bíi pé eṣinṣin bà sórí ìwé."

"Ògiri ni, Bàámi. Ògiri àárín yàrá. Bí kò bá sí i, ẹsẹ̀ òsì á lọ sùn ti ẹsẹ̀ ọ̀tún."

"Kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí bí wọ́n ṣe ń sùn ti ara wọn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé nìyẹn."

Ìyá ọmọ náà, tó ń ṣẹ́ aṣọ nítòsí fèrèsé, rẹ́rìn-ín sínú. Ọmọ náà tọ́ka sí ibòmíràn lójú kọ̀ǹpútà. "Àṣẹ tí mo kọ rèé. Ìlà mẹ́sàn-án péré. Ó ní kí ẹ̀rọ ṣí fáìlì, kó ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kó gé e níbi tó bá ti rí kọ́mà, kó wá to àwọn ègé yẹn sórí àtẹ, olúkúlùkù ní ìkọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó tò wọ́n ní nọ́ńbà ní nọ́ńbà bí Ọ̀gá Panápaná ṣe wí."

"Àtẹ ọ̀hún dà?"

"Orí ẹ̀rọ ló wà. Ó gbé e sí ìrántí ni."

Bàbá Oníbàtà wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, bóyá yóò rí igi kan níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ọmọ tẹ bọ́tìnnì. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ojú ẹ̀rọ ti kún, ìlà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta dúró gbọnrangandan bí àwọn panápaná fúnra wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yan.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ka mẹ́jọ, ó mi orí. Ó dé ìkẹsàn-án, ó dúró.

"Nọ́ńbà kẹsàn-án. Òsì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀tún, òdo." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò. "Òdo! Mo fojú mi méjèèjì rí ọkùnrin yìí. Ẹsẹ̀ méjì ló gbé wá."

"Bóyá ó fi ọ̀kan ṣọ́ ilé," ni ìyá wí láti ìdí fèrèsé.

"Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣeré o. Ẹlòmíì tún rèé, kò fẹ̀ rárá! Fífẹ̀, òdo. Ṣé okùn ìránṣọ ni?"

Àkọ́bí ti fa ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ra, ó ń fi ìka wá a. "Bàámi, ẹ̀yin lẹ ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ wò ó, òfìfo ni. Mo fi kọ́mà méjì tira wọn, ẹ̀rọ sì pe òfìfo ní òdo."

"Ta ló ní mi ò kọ nǹkan kan? Òfìfo yẹn ni mo kọ!"

Ibẹ̀ ni àlàyé ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ Bàbá Oníbàtà níṣẹ́, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ahun paraku ni. Ìgò yíǹkì kan a máa tó o lò fún ọdún mẹ́ta. Ó kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé bí ìwọ̀n ẹnì kan bá bá ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀ mu, kí wọ́n má kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀. Ojú tó ń kà á á gòkè lọ mú èyí tó wà lókè.

"Ọgbọ́n nìyẹn o," ni Bàbá Oníbàtà parí rẹ̀. "Gbogbo àwa tá a jọ kọ́ṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní."

"Àmọ́ ojú ẹ̀rọ kì í gòkè, Bàámi, àfi tí a bá rán an." Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. "Kò le. Ìlà kan ṣoṣo ni màá fi kún un: níbi tí àyè bá ti ṣófo, kó mú ti ẹni òkè."

Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwọn tó kù, ó tọ́jú u, ó sì ń na ìka lọ síbi bọ́tìnnì nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣú biribiri.

Bátìrì ẹ̀rọ yẹn ti kú láti ọdún tó kọjá; wáyà nìkan ló ń fi mí. Ìyá ló ti yọ wáyà, ó sì ti ki kẹ́tù bọ ojú iná.

"Yéè!" Bàbá Oníbàtà fò dìde bí ẹni tí àgékù ìṣó gún. "Ìyá àwọn ọmọ, o ti pa panápaná mẹ́rìnlélọ́gọ́ta!"

"Èmi? Omi tíì ni mo fẹ́ sè. Mi ò pààyàn o, Bàbá àwọn ọmọ."

"Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta! Ẹsẹ̀ méjìdínláàádóje! Wọ́n ti lọ!"

Àkọ́bí di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó yọ kẹ́tù, ó dá wáyà padà, ó dúró kí ẹ̀rọ jí. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹsẹ̀ náà sì padà wá, wọ́n tò gẹ́gẹ́. Bàbá la ẹnu sílẹ̀.

"Àtẹ ló lọ, Bàámi. Fáìlì ò lọ síbì kankan. Bí ẹ bá ka ìwé yín sórí, tí ẹ wá sùn, tí ẹ gbàgbé ohun tẹ́ ẹ kà, ṣé ìwé ọ̀hún ti jóná nìyẹn? Ohun tí àtẹ bá rí, fáìlì ò bá a rí i. Ẹ̀rọ á kàn tún un kà ni."

Bàbá ronú sí i díẹ̀. "Á jẹ́ pé orí ẹ̀rọ yìí kò yàtọ̀ sí tèmi."

"Tiyín kì í padà báyìí kíákíá," ni ìyá wí, ó sì gbé kẹ́tù rẹ̀ lọ sí ìyẹ̀wù.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí òdo kankan. Láti ìkìíní dé ìkẹrìnlélọ́gọ́ta, gbogbo ìkọ́ kún. Ọmọ náà jó yí pẹpẹ ká, ó ń ju ìdí. Aago méjì ààbọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ kò jó. Oníbàtà kì í yin bàtà kó tó wọ̀ ọ́ wò. Ó jókòó, ó ń kà á lọ, ètè rẹ̀ ń mì. Inú rẹ̀ ti ń dùn díẹ̀díẹ̀, ó ti ń ro ibi tí yóò gbé ìjókòó ọmọ sí, nígbà tó kan nọ́ńbà mẹ́tàlélógún.

"Gígùn, sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlélógún. Ó dáa. Fífẹ̀, mọ́kànlá ààbọ̀." Ó gbé ojú sókè. "Ẹsẹ̀ yìí, pẹ́pẹ́yẹ ló ni ín."

"Bàámi!"

"Pẹ́pẹ́yẹ ni mo wí. Mo rántí obìnrin yìí. Òun ló ń wa ọkọ̀ omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ewé ìrèké. Bó bá wọ inú bàtà tí o fẹ́ gé fún un yìí, á máa yí nínú rẹ̀ bí ẹ̀pà nínú èèpo."

Ọmọ yẹ ìwé wò. Òótọ́ ni, àyè ṣófo níbẹ̀, ẹ̀rọ sì ti mú ti ẹni òkè: nọ́ńbà méjìlélógún, ọkùnrin kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Gbàǹgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ọpọ́n. Wọ́n wo òmíràn, ó ṣì. Wọ́n wo òmíràn, ó tọ́. Ìkẹrin tún ṣì. Àkọ́bí jókòó. Ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀.

"Fáìlì tọ́," ni ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣẹ náà tọ́. Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe."

"Ṣé kí a fọwọ́ tún wọn kọ ni?"

"A lè fọwọ́ tún wọn kọ, Bàámi. Àmọ́ bí a bá fọwọ́ ṣe é lónìí, a máa fọwọ́ ṣe é lọ́la. Ẹ̀yin á tún padà sídìí ìwé wíwá. Á jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ borí nìyẹn."

Aago mẹ́ta ti lù. Ó yẹ kí inú Bàbá Oníbàtà dùn. Ìsinmi tó ń wá ló dé ọwọ́ rẹ̀ yìí. Ẹni tó bá rí i lásìkò náà á rò pé wọ́n gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni. Ó ń wo ọmọ rẹ̀, ó ń wo ìlà mẹ́tàlélógún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bàbá sì ń fi ojú inú wo ẹnu ọ̀nà gáréèjì yẹn, ó ń wo ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé tẹ̀ lé ara wọn.

"Ta lo ní ó wà lókè obìnrin yìí?"

"Gbàǹgbà. Nọ́ńbà méjìlélógún."

"Irọ́ ni. Lọ́jọ́ tí mo wọn obìnrin yẹn, Gbàǹgbà ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni òun tó dé. Obìnrin yẹn àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ wọlé, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, wọ́n ní àwọn máa ń yá ara wọn ní bàtà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ni ọ̀rẹ́ yẹn."

Àkọ́bí yí padà sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wo ìwé. Ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó sì pariwo tí ìyá fi sáré jáde láti ìyẹ̀wù.

"Mo ti tò wọ́n kí n tó dí àyè! Màámi, ẹ wá gbọ́! Ìlà tí mo fi dí àyè, ìsàlẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí! Ẹ̀rọ kọ́kọ́ to gbogbo wọn ní nọ́ńbà, kálukú fi ẹni tó bá a wá sílẹ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn ẹni tí kò mọ̀ rí, ìgbà náà ló tó wá ń wo ẹni òkè!"

"Sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé ìyá rẹ," ni ìyá wí.

Bàbá ló dá a lóhùn. "O rí i, ó dà bí ìgbà tí o ní kí ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀, o wá lọ gbé ìyá ẹlòmíì síwájú rẹ̀." Ó yíjú sí Àkọ́bí. "Fáìlì ńkọ́? Ṣé ìtò ti inú rẹ̀ náà ti dàrú?"

"Rárá, Bàámi. Bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n wà níbẹ̀. Orí àtẹ nìkan ni mo ti tò wọ́n."

"Ohun tí àtẹ bá rí, fáìlì ò bá a rí i!"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Ọmọ ti gbé ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè, dídí àyè ṣáájú, títò tẹ̀ lé e. Ó tọ́jú u. "Ó ku kí n…"

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Bàbá Oníbàtà fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó di wáyà mú, tó sì fà á yọ pẹ̀lú gbogbo agbára. Ojú ẹ̀rọ ṣú.

"Bàámi! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Ṣebí kó gbàgbé ni a fẹ́ kó gbàgbé!"

"Bọ́tìnnì nìkan ni mo fẹ́ tẹ̀! Á tún un kà fúnra rẹ̀!"

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu itan. "Wọ́n ní èmi ni mo pa mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Ẹni tó pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì rèé o, awò ojú wà lójú ẹ̀!"

Ẹ̀rọ náà kò sì kánjú jí. Wọ́n dúró tì í, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹni ń dúró ti omi tó fẹ́ hó. Aago mẹ́rin ti fẹ́ lù, wọ́n sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ kan lóde, gbì, gbì, gbì, lórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Bàbá Oníbàtà kò nílò kó wo fèrèsé. "Òun ni," ó wí. "Ẹsẹ̀ òsì ló ń rọra tẹ̀ yẹn."

Bí Ọ̀gá Panápaná ṣe kan ìlẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tẹ bọ́tìnnì. Ìlà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta yọ. Bàbá sáré wo mẹ́tàlélógún: fífẹ̀, mẹ́jọ ààbọ̀. Ó wo ìkẹsàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé méjì. Ó wo mẹ́fà míì, ó wo mẹ́wàá. Àwọn ẹsẹ̀ tó mọ̀ ni gbogbo wọn, bí ìgbà tí èèyàn wọ ilé ìpàdé tó bá àwọn ojúlùmọ̀ lórí ìjókòó.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n gbé e fún àlejò wọn. Ọ̀gá Panápaná, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan tí irun imú rẹ̀ ti funfun, ka gbogbo nọ́ńbà, ó ní ẹnì kankan ò bọ́ sílẹ̀. Ó wá padà sókè, sí nọ́ńbà kìíní, òun fúnra rẹ̀. Ó fajú ro.

"Bàbá, àṣìṣe rèé o. Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹsẹ̀ mi òsì jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọ̀tún jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹsẹ̀ mi dọ́gba."

Àkọ́bí wo bàbá rẹ̀. Bàbá Oníbàtà kò wo ìwé, kò wo ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ ló ń wò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ bọ́ bàtà."

Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó na téèpù. Òsì: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀tún: méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ní kí ọkùnrin náà fojú ara rẹ̀ wò ó. Ọ̀gá Panápaná wo téèpù, ó tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n.

"Ogún ọdún," ó wí nígbà tó yá. "Ogún ọdún ni bàtà òsì ti ń há mi. Mo rò pé iná tí mo ń sá lé kiri ló sọ mí di atiro. Ìyàwó mi ní ìgbéraga ni."

"Kí ìyàwó yín máa sọ tirẹ̀ nìṣó," ni ìyá wí, "àmọ́ ẹ̀yin ẹ yáa fọwọ́ síwèé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i, ó tún fọwọ́ sí i lẹ́yìn pẹ̀lú, bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò fi inú dídùn sí. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àkọ́bí bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ń ká téèpù, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Aago méje la máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù níbí," ni ó wí nígbà tó ṣe. "Ẹni tó bá pẹ́ dé, òun ló máa gbálẹ̀."

Ọmọ dúró gbagidi. "Bàámi, ẹ̀yin lẹ máa ń jí ní aago mẹ́jọ."

"Á jẹ́ pé mo ti rẹ́ni tí á máa ṣílẹ̀kùn dè mí nìyẹn."

"Èmi nìkan ni mo ti ń gbálẹ̀ níbí láti ogójì ọdún," ni ìyá wí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kó ìgbálẹ̀ méjì jáde lábẹ́ pẹpẹ, ó fi ọ̀kan lé bàbá lọ́wọ́, ó fi èkejì lé ọmọ lọ́wọ́.